Lúpúlò Tí Don Abelino Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Èmi Zunilda Oyarzo kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Bí o bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, màá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí n tó dáhùn. Àwọn kan ní àrùn ni. Èmi ní ìfura loògùn àgbà, oògùn náà sì ti ń ṣiṣẹ́ fún mi láti kékeré, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ọ̀rọ̀ Don Abelino Cayún ni mo ń sọ.

Ọgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi igi ṣe ló wà láàárín ilé mi àti ilé rẹ̀ ní ìlú Mallín. Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìyan ní oko Kestelmann, níbi tí wọ́n ti ń fi iná yan òdòdó lúpúlò gbẹ, òdòdó aláwọ̀ ewé tó ń mú kí bíà korò, tó sì ń fún un ní òórùn. Èmi náà wà lóko yẹn, mo wà lára àwọn obìnrin tó ń ṣa èyí tó dára kúrò lára èyí tí kò dára. Bí iṣẹ́ bá parí lásìkò ìkórè, àwọn ọmọkùnrin á fi aṣọ di Don Abelino lójú, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ òdòdó fún un. Á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, á gbé e símú, á ní, "Poro kẹrìnlá, lẹ́bàá odò. Ẹ sì pẹ́ kí ẹ tó já a." Kò ṣì í rí. Igo wáìnì tó jẹ nínú tẹ́tẹ́ yẹn kò lóǹkà.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló wá dúró lẹ́yìn ilé adìẹ ara rẹ̀, lábẹ́ lúpúlò tó ti fà dé òrùlé, tí mo bi í pé, "Don Abelino, irú wo lèyí?"

"Mi ò mọ̀, Doña Zuni."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo mọ̀."

Ẹ gbọ́ ná. Bí alápatà bá sọ fún yín pé òun ò mọ irú ẹran tó wà lórí tábìlì òun, ṣé ẹ ó rà á? Mo padà wọlé, mo gbé omi tí mo fẹ́ fi po tíì máté kaná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ọdún. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Don Abelino fẹ̀yìn tì. Ọdún yẹn náà ni Otilia ìyàwó rẹ̀ kú. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú ló gbé àdá, ó ṣán gbogbo igi ẹlẹ́gùn-ún tó bo ẹ̀yìn ilé adìẹ, ó ri òpó, ó ta okùn, nígbà tí ó sì di ìgbà ẹ̀rùn, lúpúlò ti yọ lójú wa bí ẹni pé ó bọ́ láti ọ̀run. Nígbà òtútù ọdún yẹn kan náà ni gbòǹgbò méje sọnù ní oko Kestelmann, nínú irú tuntun tí Ẹnjinníà Lisandro, ọmọ-ọmọ olóko, rà wá láti òkèèrè. Ẹnikẹ́ni ò ní láti kọ́ mi ní ìṣirò.

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òdòdó náà pọn bíà. Ó ra ìkòkò ńlá kan lọ́wọ́ àwọn panápaná, èyí tí wọ́n fi ń se ẹran àgùntàn nígbà àjọ̀dún, ó tún ra bálì tí wọ́n ti mú hù. Ó fún mi ní igo kan nínú àkọ́kọ́ tó pọn. Olúwa mi! Òróòro sàn jù ú lọ. Mo dà á sídìí igi ṣẹ́rì mi, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sì fi ń wo igi náà bóyá yóò kú.

Ẹ mọ̀ pé lúpúlò tí wọ́n ń tà nínú páálí, wọ́n máa ń kọ bó ṣe korò tó sí i lára. Èyí tí kò lórúkọ, ta ni yóò sọ fún ọ? Ahọ́n rẹ nìkan ni. Torí náà, láràárọ̀ ni Don Abelino máa ń gbé ife méjì sórí kùkùté. Á fi lúpúlò páálí sínú ọ̀kan, tirẹ̀ sínú èkejì, iye kan náà, omi gbígbóná kan náà. Á tọ́ ti páálí wò, á tutọ́. Á tọ́ tirẹ̀ wò, á dijú, á fi ṣíbí bu omi kún un, á tún tọ́ ọ wò, títí kíkorò àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba. Bí omi tó bù kún tirẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló fi mọ bí agbára rẹ̀ ṣe ju ti páálí lọ tó. Ìdí nìyẹn tí ó fi wá ń fi díẹ̀ bíńtín sínú ìkòkò nígbà tó bá ń hó, tó sì ń tọ́jú èyí tó pọ̀ di ìgbà tó bá ti gbé e kúrò lórí iná, kí òórùn nìkan lè wọ inú bíà. Lẹ́yìn ló ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi. Lákòókò yẹn, láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo ti ń wò ó, ohun tí mo sì rí ni ọkùnrin kan tó ń dijú, tó ń tutọ́, tó ń ráhùn sínú ife méjì. Mo ní, ẹ wá wo ọkùnrin yìí, májèlé ló ń pò.

Mo tún rí i tó fi aṣọ ibùsùn bo òdòdó tó ń sá. Kí ló ń bò? Nítorí adìẹ ló ṣe ń bò ó, ṣùgbọ́n ta ló bi adìẹ?

Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́bàá ọgbà, mo ní, "Don Abelino, kí ló dé tí ẹ ò kúkú lo ti páálí, kí ẹ sinmi?"

Ó fi àkẹtẹ̀ nu ojú. "Ohun ìpamọ́ ni, Doña Zuni. Otilia ní ẹnì kan ló fi pamọ́ sọ́wọ́ òun, òun sì gbìn ín sáàárín igi ẹlẹ́gùn-ún. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n hú u, kí n má sì béèrè ẹni tó ni ín."

"Ẹ ò sì béèrè?"

"Ẹ ò mọ Otilia ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òkú kì í jẹ́rìí, mo sì rò ó pé bí olè bá fẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ní tú àṣírí òun, òkú ló máa pè.

Nígbà tí ìkórè ọdún yìí dé, irú tuntun Ẹnjinníà so dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn sì tún ń sọ̀rọ̀ gbòǹgbò méje tó sọnù. A wà lórí ìlà ní ilé búrẹ́dì. Obìnrin tó wà níwájú mi ní ó ku ẹni tí yóò mọ ẹni tó jí i. Mo ní, "Ẹ lọ bi ẹni tó ní lúpúlò tí kò lórúkọ." Gbólóhùn kan péré. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì tún la ẹnu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé oko.

Ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ àwọn apọntí-ilé pàdé, kí wọ́n lè gba orúkọ àwọn tí yóò gbé bíà wá síbi ìdíje àjọ̀dún lúpúlò. Ewaldo tó ń ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni olórí wọn. Òun ló ń ka ìwé kọ̀ọ̀kan sókè, èmi sì wà lẹ́yìn lára àwọn tó wá wòran. Ó dé orí ti Don Abelino. "Ọkà, bálì. Omi, ti kànga. Lúpúlò..." Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "'Mi ò mọ̀.'"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

"Don Abelino, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nǹkan kan síbẹ̀," ni Ewaldo wí. "Ẹ kọ Cascade, irú tí gbogbo ayé ń lò. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

Ẹnjinníà Lisandro wà níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde. "Don Abelino, bàbá ni ẹ jẹ́ sí mi. Kékeré ni mo wà tí ẹ ti ń gbé mi kọ́rùn nílé ìyan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ poro kọ̀ọ̀kan nínú oko wa ni ẹ ní ẹ ò mọ èyí tó wà nílé yín. Ẹ sọ fún mi, níbo lẹ ti rí i?"

"Ìyàwó mi ló gbìn ín."

"Níbo ló ti rí i?"

Don Abelino wo ilẹ̀. "Kò sọ fún mi."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé màá wá. Bí mo bá rí i pé tèmi ni, màá hú u, ọlọ́pàá ló sì máa gbọ́ ìyókù. Bí kì í bá ṣe tèmi, ẹ wá ẹni tó máa sọ bó ṣe débẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Doña Zuni ló lójú jù nínú àwọn tó ń ṣa òdòdó. Ẹ bá mi fi wé tèmi."

Mi ò ní purọ́ fún yín, orí mi wú. Mo wo Don Abelino láti rí i bóyá yóò gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ó kàn ń yí àkẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dà bí ẹni pé ó ti di arúgbó láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Ọmọ àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta, tí kò jí abẹ́rẹ́ rí, ó fẹ́ gba orúkọ olè lọ sí sàréè. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ní lọ́kàn mi pé bóyá olè tó gbọ́n ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo Mallín ń sun oorun ọ̀sán, mo gba ibi tí igi ọgbà ti fọ́ kọjá. Ajá rẹ̀ mọ̀ mí, ìrù ló jù sí mi. Mo já òdòdó ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú épúrọ́ọ̀nù mi, mo sì sá padà. Èmi tí mò ń wá olè ni mò ń jalè lọ́sàn-án gangan.

Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo to ti Ẹnjinníà, tí mo mú wá láti oko, sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ti Ẹnjinníà rí róbótó, ó ki. Ti Don Abelino gùn, ó fúyẹ́, ewé kékeré kan sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó kọ̀ọ̀kan, bí etí eku. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn, kí n lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní, ilẹ̀ lè pa á dà. Mo ní, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò.

Mo da omi gbígbóná lé e nínú ife, bí mo ṣe rí Don Abelino tó ń ṣe. Mo gbé e súnmọ́ imú.

Òórùn Ọjọ́rú ìgbà èwe mi ni mo gbọ́. Ọjọ́ tí ìyá mi máa ń ṣe búrẹ́dì.

Paraska ni orúkọ ìyá mi. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ukraine, wọn ò sì ra ìwúkàrà ní ṣọ́ọ̀bù rí. Lúpúlò ni ìyá mi máa ń sè, á da omi rẹ̀ sórí ìyẹ̀fun àti ọ̀dùnkún tí ó ti gún, á bò ó sẹ́bàá iná títí yóò fi wú. Ó tún máa ń fi òdòdó tó gbẹ kún inú ìrọ̀rí, kí oorun lè kùn wá. Ọ̀kan nínú àwọn ìrọ̀rí yẹn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo mú ọ̀bẹ, mo tú ojú rírán rẹ̀. Ìyàngbò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní igun kan mo rí òdòdó mẹ́fà tí kò tíì fọ́. Ewé kékeré bí etí eku wà lára wọn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ padà wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kestelmann àgbà ti ṣe òfin pé kò sí òṣìṣẹ́ tó gbọdọ̀ ní lúpúlò nílé, kí ó má baà jí ti oko kó ní tòun ni. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ lóko náà, fọwọ́ sí i. Ó ní ní ọ̀la òun yóò hú ti ìyá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi gbé agolo kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbé e fún ìyàwó Abelino. Má ṣí i." Otilia ò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ nígbà yẹn, Abelino ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóko. Mo dé ìdí ọgbà. Ṣé èmi ni màá gbé ohun tí mi ò mọ̀? Mo ṣí i. Gbòǹgbò kan ló wà nínú aṣọ tútù, ó dọ̀tí, ó dà bí òkú eku. Mo ní oògùn ni, mo dé e padà, mo gbé e lọ.

Bàbá mi hú èyí tó kù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí òtútù fi lọ.

Ìyá mi ti kú, bàbá mi ti kú, Otilia náà ti kú. Èmi nìkan ni mo kù tí mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mo sì rò ó, ẹ má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni mímọ́. Mo ro ìtìjú. Mo ro iṣẹ́ tí Ẹnjinníà ń pè mí sí lọ́dọọdún. Oorun ò kùn mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí wọn láti ojú fèrèsé: Ẹnjinníà, òṣìṣẹ́ méjì pẹ̀lú ṣọ́bìrì, Ewaldo, àti àwọn aládùúgbò tí ẹsẹ̀ wọn kì í gbé sílé. Don Abelino ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ níbi ìsìnkú Otilia. Ó gbé tábìlì síwájú ilé adìẹ, ó to igo márùn-ún lé e.

"Ẹ mu ún ná," ló wí. "Ẹ má hú ohun tí ẹ ò tọ́ wò."

Ewaldo mu, ó tún mu. "Kò burú o. Ó ń rùn bíi búrẹ́dì."

Ẹnjinníà gbé tirẹ̀ sílẹ̀. "Doña Zuni dà?"

Mo dé pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ apá.

"Ẹ káàbọ̀ o, Doña Zuni," ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ́bìrì wí. "Ṣé ibí lẹ fẹ́ sùn ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé, kí n má baà kì ẹ́ sínú ìrọ̀rí yìí."

Mo da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì. Mo já tútù láti ara èyí tó wà lórí òpó, mo tò ó tì wọ́n. Mo to ti Ẹnjinníà sí ọ̀tọ̀. Afọ́jú nìkan ni kò ní rí i pé ti ìrọ̀rí àti ti òpó jẹ́ ọ̀kan náà. "Lúpúlò búrẹ́dì ìyá mi ni," mo ní. "Òun ló fi gbòǹgbò rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ Otilia nígbà tí bàbá-bàbá yín ní kí wọ́n hú u. Ó ti di ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta."

"Ta ló rí i?" Ẹnjinníà béèrè.

"Èmi. Èmi ni mo gbé e wá. Ìyá mi ní kí n má ṣí i, mo ṣí i."

"Ẹ̀yin náà ṣáà ni!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Èmi náà ni mo sọ ní ilé búrẹ́dì pé olè ni Don Abelino. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Mo pa irọ́ mọ́ ọn ni."

Mi ò lè gbé ojú sókè. Ojú tì mí.

Don Abelino ò wò mí. Ó ní, "Inú kí lẹ gbé e sí?"

"Agolo bísíkíìtì. Pupa ni. Àwòrán ẹṣin kan wà lórí ìdérí rẹ̀, mo ti fi èékánná bó ojú ẹṣin náà."

Ó wọlé lọ. A gbọ́ tó ń ṣí dúrọ́ọ̀. Nígbà tó jáde, agolo pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnnì Otilia ń pariwo nínú rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú Ẹnjinníà. Ẹṣin náà ò ní ojú.

Ẹnjinníà bọ́ fìlà, ó ní, "Ẹ má bínú, Don Abelino." Ó mu bíà tó kù nínú ife rẹ̀ tán, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó lọ. Gbòǹgbò méje yẹn, títí di òní wọn ò mọ ẹni tó jí i. Mo ní ẹni tí mò ń fura sí, ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n. Bíà Don Abelino náà ò gba ẹ̀bùn kankan níbi ìdíje. Àwọn adájọ́ ní kò jọ irú èyíkéyìí tí àwọn mọ̀.

Gbogbo ènìyàn ti lọ tán lọ́jọ́ náà, èmi ò lè lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí òfìfo. Don Abelino ti bu bíà fún gbogbo ayé, kò bu fún mi, mi ò sì lẹ́nu láti béèrè. Ó gbé ṣọ́bìrì tirẹ̀, ó lọ sídìí lúpúlò, ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó da bọ́tìnnì Otilia sínú àwo, gbogbo rẹ̀, ó fi aṣọ tútù wé nǹkan sínú agolo náà, ó dé e pa.

"Àkókò gbígbìn kọ́ yìí," ló wí, "ṣùgbọ́n ó lágídí. Á hù."

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó wò mí lójú.

"Ẹ má ṣí i, Doña Zuni."

Mo gbà á. Ẹkún ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà dáadáa. Mo gba ibi tí igi ọgbà ti fọ́ kọjá, níbi tí mo ti dúró nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo dúró díẹ̀. Mi ò ṣí i. Mo gbé e délé bẹ́ẹ̀.